Bàtà tó rin, láìsí iná mànàmáná: ọ̀nà wo ló yẹ kí ẹ mú?

Imú bàtà ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Okùn rẹ̀ lè gbẹ táútáú, ẹnu rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ìka bọ inú rẹ̀ dé ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń wà, ẹ ó bá omi níbẹ̀. Òpin ihò ni. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde ju ibi tó gbà wọlé. Nítorí náà, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhìn-ín, ìbéèrè kan náà ni mò ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ó dé imú bàtà, ṣé ó sì ń gbé omi jáde kúrò níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ooru ló ń mú bàtà gbẹ. Ooru ń ṣèrànwọ́, òótọ́ ni, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà kan fa omi 100 gíráàmù mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 30°C kò lè gbé ju nǹkan bí 30 gíráàmù omi lọ nínú àyè tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá wà ní ìdá 60 nínú 100, nǹkan bí 18 gíráàmù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, 12 péré ló kù tó tún lè gbà. Ó kéré tán, irú àyè afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ gba inú bàtà náà kọjá kí omi tó tán, ìyẹn 8,000 lítà. Inú ẹsẹ̀ bàtà kan ńkọ́? Ti ọ̀pọ̀ bàtà kò tó lítà méjì.

Ẹ rí i báyìí ìdí tí bàtà tí wọ́n gbé sí igun yàrá fi ń lo ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sì gbẹ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti yó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá gbapò rẹ̀. Ìdúró yẹn náà léwu fún bàtà, torí láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ohun tó bá wà nínú ọ̀rinrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu, tí nǹkan funfun tàbí dúdú á máa hù lára rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Àkókò tí a ní kò pọ̀.

Kí ẹ tó mú ọ̀nà èyíkéyìí

Ẹ tú okùn rẹ̀ pátápátá, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síta, ẹ sì yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, kí ẹ sá a lọ́tọ̀. Bí ìtẹ́sẹ̀ bá ṣì wà nínú bàtà, abẹ́ rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ rárá, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń mu omi púpọ̀. Ẹ gbọn omi inú bàtà dànù, ẹ wá fi aṣọ ìnura gbígbẹ tẹ inú rẹ̀ títí dé iwájú. Bàtà awọ kì í ṣe ohun tí à ń fún o. Títẹ̀ ló fẹ́.

Bó bá jẹ́ omi òkun ló rin ín, ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án. Iyọ̀ tó bá ṣẹ́kù á máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ padà sára. Tí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi tó fà. Bàtà tó gbẹ lánàá á tún wá tutù lọ́wọ́ lónìí. Ẹrẹ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kó tó gbẹ mọ́ bàtà, torí ó ń dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà jáde lára aṣọ àti awọ.

Àwọn ohun tó ń fa omi mu: bébà, ìrẹsì, sílíkà, èédú

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló borí nínú ẹgbẹ́ yìí. Bébà rẹ̀ kò dán, nítorí náà ó ń fa omi kíákíá, ó sì ń gba ìrísí ibi tí ẹ bá tì í sí, ìyẹn ni pé ó dé imú bàtà láìlo irinṣẹ́ kankan. Ẹ rún un díẹ̀, ẹ tì í wọlé, ẹ má kì í le. Bébà tí ẹ bá kì jù á na awọ bàtà, á sì dí gbogbo ọ̀nà mọ́ atẹ́gùn. Ìwé tó ń dán kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Bí inú bàtà yín bá funfun, ẹ fi bébà tí wọn kò tẹ nǹkan sí lára ṣe é, torí tàdáwà ìwé ìròyìn lè ràn mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ bébà jẹ́ ni pípààrọ̀ rẹ̀. Bébà tó ti mu omi yó, tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ti di ìdérí: ó ń dá omi dúró síbi tí a fẹ́ kó ti jáde. Ẹ pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ láàárín wákàtí kan, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣíwọ́ nígbà tí èyí tí ẹ yọ kò bá tutù mọ́. Láti ìgbà náà lọ, bébà ti ṣe tirẹ̀ tán. Omi tó wà lójú ló lè fà. Èyí tó ti wọ inú awọ àti fóòmù lọ gbọ́dọ̀ rìn jáde díẹ̀díẹ̀ kó tó di oru, afẹ́fẹ́ ló sì yẹ kó bá a lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń sọ pé kí ẹ yan bébà tàbí kí ẹ yan atẹ́gùn. Bébà ló ṣáájú, atẹ́gùn ló tẹ̀ lé e.

Ìrẹsì gbígbẹ tí àwọn kan ń dà sínú bàtà kò tó bébà. Kí ẹ tó gbé e rárá, nǹkan bí ìdá 12 sí 14 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ti jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára fa oru omi. Ẹ fi í sílẹ̀.

Sílíkà ni hóró wẹ́wẹ́ inú àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Ó lágbára ní tòótọ́: níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, ó lè gbé omi tó sún mọ́ ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n yẹn wo bàtà wa. Àpò tó jẹ́ gíráàmù 5 kò lè gbà ju gíráàmù 2 lọ. Fún omi 100 gíráàmù, ẹ nílò sílíkà tó tó 250 gíráàmù fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó bá ti yó, ó di dandan kí ẹ yan án lórí ooru nǹkan bí 120°C kó tó tún lè ṣiṣẹ́. Ipò tirẹ̀ ni ìparí: bàtà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, nínú ike tó ní ọmọrí, ní àsìkò tí afẹ́fẹ́ ìta kún fún ọ̀rinrin débi pé kò lè gbẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní àwọ̀ búlúù tó máa ń di píńkì. Kẹ́míkà kóbọ́ọ̀tì tó wà nínú irú bẹ́ẹ̀ ní májèlé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Èédú wà fún òórùn ju omi lọ. Ẹ dì í sínú aṣọ, kí eruku dúdú rẹ̀ má bàa kun inú bàtà.

Oòrùn tàbí ibòòji tó ní atẹ́gùn

Oòrùn ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá, fún bàtà aṣọ sì rèé, kò burú fún wákàtí díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí, ìyẹn ni àkọ́kọ́ ohun tí ẹ ó san. Fún bàtà awọ, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ojú awọ á gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, á súnkì, á le, á sì là níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìtànṣán oòrùn tún ń jẹ rọ́bà àti gọ́ọ̀mù lọ́jọ́ pípẹ́. Bàtà eré ìdárayá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fóòmù lè súnkì bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nínú oòrùn. Ooru ibẹ̀ ń pọ̀ ju bí a ti ń rò lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì ń lọ síbì kankan. Ọ̀nà yẹn kó àléébù méjèèjì pọ̀.

Ẹ gbé ibòòji tó ní atẹ́gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn tí kò ní atẹ́gùn, ibòòji ni èmi máa mú, bàtà yòówù kó jẹ́. Àárín fèrèsé méjì tó kọjú síra, abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá: ibi tí ẹ bá ti ń rí i tí kọ́tìnnì ń mì ló dára. Bí ẹ bá fẹ́ kí oòrùn náà bá yín dá sí i, ẹ kọ ìsàlẹ̀ bàtà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá.

Iná, yanrìn gbígbóná, omi gbígbóná

Ẹ má yá bàtà níná. Awọ tó ti rin kì í fara da ooru bí èyí tó gbẹ: awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ láti nǹkan bí 70°C nígbà tó bá tutù, tó bá sì ti ká jọ, kò sí òróró tó lè dá a padà. Ooru ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń jí gọ́ọ̀mù kó lè mú ìsàlẹ̀ bàtà. Ooru náà ló ń tú u. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ìta bàtà á ti gbóná kọjá ààlà nígbà tí imú rẹ̀ nínú ṣì tutù.

Àwọn kan ń yan yanrìn tàbí iyọ̀, wọ́n á dà á sínú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á sì ti ìbọ̀sẹ̀ náà bọ bàtà. Ó dé imú bàtà, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò mọ bó ṣe gbóná tó, iyọ̀ sì lè ta sára awọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru tó wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́: ní kílò sí kílò, tí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì dé ooru kan náà, omi ń pa ooru mọ́ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti yanrìn. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìgò omi gbígbóná dípò rẹ̀.

Omi tó wà ní 60°C tó, kò sì lè ba awọ jẹ́. Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi máa ń rọ̀, á sì wọ́ ní nǹkan bí 70°C, torí náà ẹ má da omi híhó sínú rẹ̀. Ìgò onírin tàbí àpò rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná ló dára jù. Ẹ dé e pinpin. Omi 60°C ń jó awọ ara èèyàn, ẹ fi í jìnnà sí ọmọdé.

Kí ẹ má sì retí ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ìgò kan. Lítà omi kan tó ti 60°C bọ́ sí 30°C fi ooru tó tó kílójúùlù 125 sílẹ̀, nígbà tí sísọ omi 100 gíráàmù di oru ń fẹ́ nǹkan bí 240. Bí ẹ bá ti ìgò náà bọ inú bàtà, ó tún dí ẹnu rẹ̀, imú kò sì rí nǹkan kan. Àǹfààní ìgò wà níbòmíràn: tí ẹ bá mú kí afẹ́fẹ́ gbóná sí i ní nǹkan bí 10°C, agbára rẹ̀ láti gbé omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìgò mú afẹ́fẹ́ gbóná, kí ẹ sì darí afẹ́fẹ́ náà sí imú bàtà. Ohun tó gbé wa dé orí páìpù nìyí.

Ìkọ́, èèkàn àti páìpù

Fífi okùn gbé bàtà kọ́ rọrùn, ó sì tó fún bàtà aṣọ tó fúyẹ́. Bàtà awọ tó rin wúwo, okùn á fa ihò rẹ̀ ya. Èèkàn igi tí wọ́n gbẹ́ sára pátákó, tí ẹ ń dojú bàtà dé, sàn jù ú lọ, ìdí rẹ̀ sì dùn mọ́ mi. Afẹ́fẹ́ tí omi ń gbẹ sínú rẹ̀ máa ń tutù, afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Nínú bàtà tó kọ ẹnu sókè, afẹ́fẹ́ tútù yẹn á jókòó sísàlẹ̀, kò ní jáde. Ẹ dojú bàtà náà délẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ṣàn jáde, tuntun á sì wọlé. Àmọ́ èèkàn kò ní ihò, kò sì rán afẹ́fẹ́ kankan lọ síwájú.

Bí ẹ bá fi páìpù rọ́pò èèkàn, ìṣòro imú bàtà yanjú. Báyìí ni mo ṣe máa tò ó.

Ẹ wá àpótí onípákó tó fẹ̀ tó ìgò omi méjì tó dùbúlẹ̀. Gígùn 40 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 30 àti gíga 20 ti tó. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí, kí ẹ lè máa pààrọ̀ ìgò. Ẹ lu ihò méjì sí orí rẹ̀, níwájú, kí ẹ ki páìpù PVC tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 25 mìlímítà bọ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí páìpù dúró ṣánṣán: ẹ dà á síwájú kó lè gba ẹnu bàtà wọlé, kó sì tẹ̀ lé ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lọ títí kó fi ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 sí imú. Bàtà á wá dúró pẹ̀lú gìgísẹ̀ nísàlẹ̀ àti imú lókè. Fún bàtà tí kò ga, páìpù tó yọ jáde ní 25 sẹ̀ǹtímítà máa ń tó. Bàtà tó gùn dé ojúgun fẹ́ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé orí páìpù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí bàtà má bàa dí i, kí ẹ sì lu ihò 6 mìlímítà mélòó kan sí sẹ̀ǹtímítà 8 tó kẹ́yìn rẹ̀.

Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àpótí ṣe pàtàkì bíi páìpù fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ ìfẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti páìpù. Fún páìpù méjì yìí, ihò mẹ́rin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 ti tó. Ẹ lu wọ́n sísàlẹ̀ ẹ̀yìn àpótí, níbi tó jìnnà sí ẹnu bàtà, kí afẹ́fẹ́ tútù tó ń ṣàn jáde má bàa tún padà wọlé. Ẹ má sì fi aṣọ dí àyè tó wà láàárín páìpù àti ẹnu bàtà, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde.

Ìgò omi gbígbóná wà nínú àpótí, afẹ́fẹ́ gbóná, ó gòkè nínú páìpù dé imú bàtà, ó gba omi, ó tutù, ó sì ṣàn bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù jáde. Tí ìgò bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ kó ìgò kúrò, ẹ gbé àpótí síta lábẹ́ ibòòji, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ ojú sí atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ á fúnra rẹ̀ wọ páìpù. Ẹ má gbé e ka orí sítóòfù tàbí èédú tó ń jó o. Páìpù PVC máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 80°C, èéfín á sì wọ inú bàtà lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló fẹ́, mo mọ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ ń rin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò nílò rẹ̀; bébà àti ẹnu ọ̀nà tó ní atẹ́gùn á ṣe é. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú wọ inú omi lójoojúmọ́, tàbí tí ilé rẹ̀ kún fún ọmọ tí ń lọ ilé ìwé lásìkò òjò, á rí èrè rẹ̀.

Ẹ wo irú bàtà tó wà lọ́wọ́ yín

Bàtà aṣọ: táwẹ́ẹ̀lì, bébà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà okùn tàbí èèkàn níbi tí atẹ́gùn wà. Ó ti tó.

Bàtà awọ fẹ́ sùúrù. Bébà tí ẹ kò kì le á pa ìrísí rẹ̀ mọ́, ibòòji á ṣe ìyókù, páìpù pẹ̀lú ìgò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì dára bí ẹ bá ń kánjú. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ tán, ẹ fi ìpara awọ fẹ́ẹ́rẹ́ pa á kó má bàa le. Bí igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn bébà, kì í ṣe ṣáájú.

Bàtà eré ìdárayá àti bàtà orí òkè tó nípọn, pàápàá èyí tó ní ìpele fẹ́lẹ́ nínú tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ló nílò páìpù jù. Ìpele tó ń lé omi ìta ló tún ń fa ìjáde omi inú sẹ́yìn. Bàtà rọ́bà gígùn náà rí bẹ́ẹ̀: ẹnu rẹ̀ nìkan ni omi lè gbà jáde, torí náà bébà dídì nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá bàtà ti gbẹ, ẹ má gba ojú gbọ́. Ibi tó ṣì ní omi máa ń tutù lọ́wọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, nítorí omi tó ń gbẹ ń gba ooru lára rẹ̀. Ẹ ti ẹ̀yìn ìka bọ imú bàtà, kí ẹ sì fi wé ẹnu rẹ̀. Èyí tó dájú jù ni òṣùwọ̀n. Ẹ wọn bàtà yín nígbà tó gbẹ, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí abẹ́ ìtẹ́sẹ̀. Nígbà mìíràn tí ó bá rin, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó wọ̀ ọ́: bó bá ṣì fi 10 gíráàmù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, omi gíráàmù 10 ṣì wà nínú rẹ̀, imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá a sí.